Egbò Màmá Mi Kò Jinná Láti Oṣù Mẹ́jọ: Ṣé Kí A Gbà Kí Wọ́n Fi Báńdéèjì Dì Í Pinpin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìyá mi, ẹni ọdún 63, ń ta aṣọ ní ọjà Àtakúmọ̀sà ní Iléṣà níbí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí egbò kan ti yọ lókè kókósẹ̀ wọn lápá inú, tí ó ń ṣomi, tí kò sì jinná. A ti fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, a ti tú kápúsù dà sí i, ẹ̀gbọ́n wọn sì ní ohun burúkú ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan ní kí a jẹ́ kí òun fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà pinpin láti ìdí ọmọ ìka dé abẹ́ orúnkún. Ẹ̀rù ń bà wá. Ṣé egbò kò nílò afẹ́fẹ́ ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú dídì, tí n kò rí nínú lẹ́tà yín. N óò débẹ̀.

Ibi tí egbò náà wà ni mo kọ́kọ́ wò. Egbò tó bá yọ lókè kókósẹ̀ lápá inú, lára ẹni tó ń dúró tàbí tó ń jókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ọ̀dọ̀ iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ló sábà máa ń ti wá. Àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan wọ̀nyí, tí ń ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, tí ń padé kí ó má baà ṣàn padà. Bí wọ́n bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á gbára jọ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ á jò sínú ẹran, ẹsẹ̀ á wú, awọ ibẹ̀ á sì dúdú, á le bí ìdí ìkòkò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun màmá nírọ̀lẹ́, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá kí ẹ tó gbé e kúrò; bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún, omi ló wà níbẹ̀. N kò bá ẹ̀gbọ́n màmá jà, ṣùgbọ́n egbò báyìí ní ìdí tí a lè fojú rí. Ohunkóhun tí ẹ bá dà sórí rẹ̀, omi yẹn kò ní kúrò. Báńdéèjì ló ń fún un gòkè, bí màmá bá sì ti ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa tẹ̀ mọ́ ọn, á máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Báńdéèjì yìí gan-an ni oògùn.

Ní 2021, àwọn olùṣèwádìí kó ìwádìí 14 jọ, tí àwọn tó kópa nínú wọn lé ní 1,300, wọ́n sì rí i pé egbò àwọn tí a di ẹsẹ̀ wọn tètè ń jinná ju ti àwọn tí a kò dì lọ. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní Ìlú Ọba ní 2014, tí ènìyàn 457 kópa nínú rẹ̀, fi báńdéèjì onípele mẹ́rin wé ìbọ̀sẹ̀ onípele méjì tó ń fún ẹsẹ̀. Ọjọ́ 98 ló gbà kí egbò ìdajì àwọn oníbáńdéèjì tó jinná, ọjọ́ 99 ló gba àwọn oníbọ̀sẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ yẹn: ó lé ní oṣù mẹ́ta. Mo mọ àwọn tó tú báńdéèjì dànù ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò ṣiṣẹ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ní ti afẹ́fẹ́, ní 1962 ni olùṣèwádìí kan, George Winter, dán an wò lára ẹlẹ́dẹ̀: awọ tuntun yára bo ọgbẹ́ tó fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bò ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ju èyí tó ṣí sílẹ̀ lọ. Èépá gbígbẹ tí a máa ń yọ̀ sí yẹn, ìdènà ló jẹ́ fún awọ tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú kápúsù sí i mọ́. Ó lè ta awọ ibẹ̀, ó sì ń kọ́ kòkòrò àrùn láti borí oògùn.

Wàyí o, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ bá ti dí, dídì pinpin lè pa ẹran ẹsẹ̀, nítorí náà ìbẹ̀rù yín kì í ṣe asán. Wọn yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá, wọn yóò wọn ti kókósẹ̀, wọn yóò sì fi ti apá pín ti kókósẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá kéré sí 0.8, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dì í pinpin láìjẹ́ pé dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí màmá bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ ọ́, torí iṣan ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti le, kí iye náà sì dára lójú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀.

Dídì fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìdí ọmọ ìka la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó bo gìgísẹ̀, a ó sì máa fà á lọ́gbọọgba dé abẹ́ orúnkún; nítorí pé ẹsẹ̀ ń nípọn bí ó ṣe ń gòkè, fífún náà á máa dínkù fúnra rẹ̀. Mo tú ọ̀kan rí tí ọmọ aláìsàn dì sórí egbò nìkan bí ẹni di ẹrù: ojú ibẹ̀ jìn bí ojú okùn lára igi, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ sì wú rọ̀bọ̀tọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ ìka bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i lóru, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bi dókítà pẹ̀lú bóyá a lè tọ́jú iṣan tó bàjẹ́ náà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, tí ènìyàn 450 kópa nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń lo báńdéèjì, ọjọ́ 56 ló gbà kí egbò ìdajì àwọn tí a tètè tọ́jú iṣan wọn tó jinná, ọjọ́ 82 ló gba ìdajì àwọn tí a sún ìtọ́jú iṣan wọn síwájú. Lẹ́yìn tó bá jinná, ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ màmá lọ́sàn-án, torí egbò yìí máa ń padà wá.

Wesley Guild tó wà ní Iléṣà jẹ́ ara ọsibítù ìkọ́ni ti Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ. Kí wọ́n tó wọn ẹsẹ̀ náà, ẹ má dì í. Ẹ fi omi sísè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ egbò náà, ẹ fi aṣọ ìbo-egbò tí kì í lẹ̀ mọ́ ọn bò ó, kí màmá sì máa gbé ẹsẹ̀ lé àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù bí kò bá ti mú ìrora wá.