Ọmọ mi jẹ́ ṣọ́jà: ṣé gbogbo ohun tó bá ṣe ni kí n pàtẹ́wọ́ sí?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, àkọ́bí mi sì jẹ́ ṣọ́jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò sọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣọ́jà Amẹ́ríkà kan tó pa ará abúlé ní Vietnam. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dá a lẹ́bi, ṣe làwọn èèyàn rẹ̀ ń kọrin fún un. Ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì ní òun náà á kọrin, pé ogun ò mọ aláìṣẹ̀. Mi ò lè bá wọn dá sí i, wọ́n bá ní mi ò fẹ́ràn ọmọ mi. Ṣé òótọ́ nìtàn yẹn? Kí ni kí n sọ fọ́mọ mi tó bá pè? — Ìyá Ṣọ́jà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ṣọ́jà, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ.

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ abúlé My Lai. Arúgbó, abiyamọ àti ọmọdé ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn jọ sínú kòtò, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Orúkọ 504 ni àwọn ará Vietnam kọ síbi ìrántí wọn. Lọ́dún 1971, ilé ẹjọ́ ológun dá William Calley, ọ̀gá ṣọ́jà tí rédíò sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, lẹ́bi ikú èèyàn 22, wọ́n sì ní kó fi ẹ̀wọ̀n gbére jura. Ni ìlú bá gbaná jẹ, kì í ṣe nítorí àwọn tó kú o, nítorí Calley ni. Àwo orin tí wọ́n ṣe fún un tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Jimmy Carter, tó jẹ́ gómìnà Georgia nígbà náà, ní káwọn èèyàn máa tan iná mọ́tò lọ́sàn-án gangan láti fi hàn pé àwọn wà lẹ́yìn Calley. Ààrẹ Nixon ní kí wọ́n mú Calley kúrò lẹ́wọ̀n, kó máa gbé nínú ilé.

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, nígbà ogun Biafra, nígbà tí rédíò kéde pé Enugu ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Bàbá mi gbé rédíò síta ní Ìkìjà, ìyá mi din àkàrà, ó pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sígbà yẹn, ní Asaba, àwọn èèyàn wọ aṣọ funfun, wọ́n jó jáde pàdé àwọn ọmọ ogun wa, wọ́n ń ké “One Nigeria.” Àwọn ọmọ ogun náà ya àwọn ọkùnrin àtàwọn ọmọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n.

Lẹ́yìn ogun, obìnrin Asaba kan tó máa ń ra ata lọ́wọ́ ìyá mi sọ ọ́ fún un. Ìyá mi, tó jẹ́ aláàánú èèyàn, dá a lóhùn pé, “Ogun ṣáà ni.” Obìnrin náà gbé agbọ̀n rẹ̀. Kò padà wá mọ́.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Àbúrò ìyá mi wà lójú ogun yẹn. Bí ìyá mi bá gbà pé òótọ́ ni, ó di dandan kó béèrè ibi tí àbúrò rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ló ń sá fún, òun náà ni ìyá ìsọ̀ kejì ń sá fún. Àwa Ẹ̀gbá gan-an ló sì yẹ kí ẹnu wa wúwo láti sọ pé ogun ò mọ aláìṣẹ̀: àwọn baba wa tó sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú tí ogun ti fọ́ ni wọ́n ti wá.

Tọ́mọ yín bá pè, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀tàn Hugh Thompson fún un. Ṣọ́jà Amẹ́ríkà lòun náà, ọmọ ẹnìkan ni. Ní My Lai lọ́jọ́ yẹn, ó gbé hẹlikọ́pítà rẹ̀ balẹ̀ sáàárín àwọn ṣọ́jà àtàwọn ará abúlé, ó ní káwọn ọmọ abẹ́ òun yìnbọn lu ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n bá fọwọ́ kan àwọn èèyàn náà. Wọ́n yọ ọmọdé kan láàyè láàárín òkú. Nígbà tó délé, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún 1998 ni wọ́n tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó sọ òótọ́ ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún gbáko.

Ẹ sọ fún un pé tó bá ṣe bíi ti Thompson, tí gbogbo Ìtòkú bá ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ìsọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọn ò ti ní pè é bẹ́ẹ̀.