Ọmọ mi ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà. Bó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò placement, ṣé wọ́n á gba àyè rẹ̀ padà?

Rárá mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò dà bíi UTME tí wọ́n fi ń wọ ẹnjiníà ní LASU Ẹ̀pẹ́ níbí, tí máàkì ń pinnu ẹni tó máa wọlé. Wọ́n ti gba ọmọ yín ná. Kíláàsì ìṣirò tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi mọ̀: calculus gan-an, tàbí precalculus tó ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó má fojú kékeré wò ó o! Físíìsì àti ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ẹnjiníà ló ń dúró de calculus. Bó bá bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, ó lè pẹ́ kó tó jáde, owó ilé-ìwé á sì lé sí i. Kó tún algebra, trigonometry àti logarithm kà dáadáa. Ìwé Further Maths tó fi ka WAEC ṣì wúlò púpọ̀.