Ṣé Ó Tọ́ Kí Ọmọ Mùsùlùmí Máa Fi Okùn Mú Alángbá Rìn?

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde: Assalaamu alaykum, Àáfà wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń sin alángbá kan láti kékeré. Ó fẹ́ rán ìjánu tí yóò fi máa mú un rìn ní ẹ̀yìnkùlé. Màmá mi ní rárá, pé Ànábì pàṣẹ kí á máa pa alángbá. Ṣé ó tọ́ kí ó sìn ín? Ṣé okùn yìí kò ní di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn? Tí ó bá fọwọ́ kàn án, ṣé àlùwàlá rẹ̀ ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumus-salaam wa rahmatullaah. Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa, nítorí hadiisi tí wọ́n rántí wà lóòótọ́. Ummu Shariik ni ó gbà á wá, ó sì wà nínú Bukhari. Ṣùgbọ́n wazag tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n pa, ọmọńlé ni, èyí tí ń rìn lára ògiri lóru. Kì í ṣe alángbá olórí pupa tí ń yá oòrùn lórí fẹ́ǹsì wa. Dab tí ó wà nínú aṣálẹ̀ pàápàá jọ alángbá, síbẹ̀ Khaalid ọmọ Waliid jẹ ẹ́ níwájú Ànábì, Ànábì kò sì kọ̀ fún un, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ níbẹ̀.

Ní ti sísìn, Anas ọmọ Maalik sọ pé àbúrò òun, Abu Umayr, ní ẹyẹ kékeré kan tí ó ń bá ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, Ànábì bi í léèrè pé kí ni ẹyẹ rẹ ṣe? Kò bá a wí rárá. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú un pé ó tọ́ láti sin ẹ̀dá tí kò léwu, bí ẹni tí ó ń sìn ín bá ń bọ́ ọ. Ẹ má fojú kéré «bí ó bá ń bọ́ ọ» yẹn. Ànábì sọ pé obìnrin kan wọ iná torí ológbò tí ó sé mọ́lé: kò bọ́ ọ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Nítorí náà okùn fúnra rẹ̀ kọ́ ni èèwọ̀. Ohun tí okùn náà bá ṣe sí ẹ̀dá Ọlọ́hun ni a óò bi ọmọ yín.

Ọrùn ni kí okùn ti kọ́kọ́ kúrò. Abu Bashiir gbà á wá pé Ànábì ní kí wọ́n gé ọ̀já tí ó wà lọ́rùn ràkúnmí. Imaamu Maalik rò pé torí ojú burúkú ni wọ́n fi ń so ó. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kí ó má baà fún ẹran náà lọ́rùn ni. Ìdí méjèèjì kan ọmọ yín: kò gbọdọ̀ fi tírà tàbí owó ẹyọ sí i, kò sì gbọdọ̀ so alángbá lọ́rùn. Àyà ni kí ìjánu wà.

Ẹ fi òwú wọn àyà rẹ̀ yíká lẹ́yìn ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ tún wọn iwájú èjìká. Ẹ gé aṣọ àrán méjì tí ó fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìdajì íǹṣì gùn ju òwú lọ fún ibi tí bọ́tìnì yóò wà. Ọ̀kan gba iwájú èjìká láìfún ọ̀fun, èkejì gba ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ fi àrán kékeré so wọ́n pọ̀ lábẹ́ àyà àti lórí ẹ̀yìn. Orí ẹ̀yìn ni okùn yóò ti mú. Okùn bàtà fẹ́lẹ́ tí ó gùn tó mítà kan ti tó. Igi ìṣáná kan gbọ́dọ̀ lè gba abẹ́ àrán náà wọlé láìfipá. Bí ó bá fún jù, ìhà rẹ̀ kò ní lè sún, kò sì ní lè mí. Bí ó bá dẹ̀ jù, ọwọ́ kan á yọ, gbogbo rẹ̀ á sì sún lọ sí ọrùn. Rọ́bà àti òwú lásán máa ń gé awọ. Ìrù ńkọ́? Ẹ má so ó rárá, jíjá ni yóò já.

Kí ọmọ kọ́kọ́ fi bí ọ̀sẹ̀ kan máa fi ọwọ́ fún un ní ìrẹ̀ àti ikán, títí kò fi ní máa sá mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó wọ ìjánu fún un nínú yàrá fún ìṣẹ́jú 5, láìsí okùn, kí ó sì bọ́ ìjánu náà kúrò. Kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ dé ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó jáde. Alángbá kì í tẹ̀lé ènìyàn bí ajá. Ọmọ ni yóò máa tẹ̀lé e. Fífà á jẹ́ ìyà. Bí ó bá ń yí gbirigbiri, tí ó ya ẹnu, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ bọ́ ìjánu kúrò lára rẹ̀ kíá. Nígbà tí ó bá ń bọ́ awọ, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tán.

Oòrùn ni ó fi ń mú ara yá, nítorí náà àárọ̀ ọyẹ́ kò bá a mu, sìmẹ́ǹtì ọ̀sán gangan á sì jó o. Aago 9 sí 10 àárọ̀ dára, tàbí lẹ́yìn ìrun Alaasari. Ẹ yẹra fún koríko tí wọ́n fín òògùn sí, adìẹ àti ológbò. Bí Iléyá bá dé, kí ó má gbé e lọ sí Ojúde Ọba rárá: ẹṣin, ìlù àti èrò tó bẹ́ẹ̀ á dá ẹ̀rù pa á. Ẹ má sì so ó mọ́lẹ̀ kí ẹ lọ kírun. Inú àgò rẹ̀ ni kí ẹ dá a padà sí.

Bí ó bá jẹ́ pé alángbá ńlá ni ó mú lórí fẹ́ǹsì, èmi ì bá ní kí ó tú u sílẹ̀, nítorí irú wọn kì í sábà fara mọ́ àgò. Èyí tí ó mú ní kékeré yìí náà, bí ó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ibi tí ó ti mú un ni kí ó tú u sí.

Fífọwọ́ kàn án kò ba àlùwàlá jẹ́. Àmọ́ bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kan aṣọ tàbí ẹní ìkírun, ẹ fọ ojú ibẹ̀ kí ẹ tó kírun. Kí ọmọ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé e, nítorí kòkòrò Salmonella tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru máa ń wà lára irú ẹran bẹ́ẹ̀. Kí ó má gbé e wọ ilé ìdáná.