Báwo ni Arsenal ṣe rí owó kọ́ pápá Emirates?
Wọ́n yáwó ni. Iṣẹ́ náà ná wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 390 pọ́n-ùn, mílíọ̀nù 260 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀yáwó báǹkì. Lọ́dún 2004, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Emirates gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 100, kí orúkọ wọn lè wà lára pápá náà àti lára ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù. Highbury, pápá àtijọ́, kò gbà ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 38 èèyàn lọ. Ti tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2006 gba ẹgbẹ̀rún 60. Wọn ò kúkú wó gbogbo Highbury o: fúláàtì ni wọ́n sọ ọ́ dà, tí wọ́n tà. Lójú tèmi, gbèsè yìí wà lára ohun tó mú wọn máa ta àwọn ògbóǹtarìgì wọn láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e.