Kí ni àyẹ̀wò ESR àti CRP ń wá nínú ẹ̀jẹ̀?

Ẹ ní dókítà sọ pé kí ẹ lọ ṣe ESR àti CRP. Ohun tí àyẹ̀wò méjèèjì ń wá ni àmì pé ibì kan nínú ara ń wú, bóyá nítorí kòkòrò àrùn, ọgbẹ́ tàbí àìsàn oríkèé; wọn kì í sọ ibi tí ó wà.

Fún ESR, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á gbé e dúró lóòró fún wákàtí 1, wọ́n á sì ka iye mìlímítà tí sẹ́ẹ̀lì pupa fi rì sísàlẹ̀. Bí ara bá ń wú, purotéènì kan tí ń jẹ́ fibrinogen máa ń pọ̀ sí i, á sì mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lẹ̀ mọ́ra bí kọ́bọ̀ tí a tò léra, kí wọ́n lè tètè rì. Àmọ́ oyún, ọjọ́ orí àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń gbé iye ESR sókè, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹni tó jẹ́ SS, tí ó tẹ̀ bí dòjé, kì í tò léra dáadáa, tí èsì rẹ̀ fi lè kéré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

CRP ni èmi gbẹ́kẹ̀ lé jù. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Láàárín wákàtí mélòó kan tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni ó ti ń gòkè, ó sì ń dé téńté ní nǹkan bí ọjọ́ 2. Bí ohun tó fà á bá ti kúrò, ó ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí wákàtí 19, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un ṣe láti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.