Aromọléegun: ṣé eegun ló ń ro ọmọ lóòótọ́?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé kí ni ìtumọ̀ aromọléegun gan-an, ṣé òun náà ni làkúrègbé, àti pé kí ló ń jẹ́ kí orúnkún èèyàn wú gbẹ̀ǹdu nígbà tí kò ṣubú, tí nǹkan kan ò sì gbá a.

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ yẹn ná. A-ro-ọmọ-ní-eegun ni, ohun tó ń ro ọmọ léegun. "Ro" ibẹ̀ yẹn ni ro tó wà nínú ara ríro, kì í ṣe rò ti èrò o, ọmọ yẹn náà kì í ṣe ọmọdé, ọmọ èèyàn ni wọ́n ń sọ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, òun àti làkúrègbé ò yàtọ̀, èyí tó bá ti yá lẹ́nu ni wọ́n ń pè, kódà àwọn kan ń pe sickle cell náà ní aromọléegun torí ìyẹn náà máa ń ro èèyàn wọnú eegun. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ibi tó ń dunni ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí, kò sọ ohun tó fà á. Tó bá wá jẹ́ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis ni, ọ̀rọ̀ ò tinú eegun bẹ̀rẹ̀ rárá, ńṣe ni àwọn sójà tó ń dáàbò bo ara ja ìjà kan títí tí wọ́n fi ja á dé ọ̀dọ̀ eegun.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà tó bo oríkèé nínú, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá fi máíkírósíkóòpù wo awọ yìí lára ẹni tára ẹ̀ le, sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ẹ̀ ò ju ìlà kan tàbí méjì lọ, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa sun omi tí eegun fi ń yọ̀ lórí ara wọn. Omi yẹn mọ́, ó sì máa ń fà yọ̀ọ̀ bí omi ẹyin tútù. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ìyẹn àwọn sójà ara, ò pọ̀ níbẹ̀, nínú ẹ̀kán tó tóbi tó orí abẹ́rẹ́ lásán, wọn kì í tó 200.

Ìgbà tí àwọn sójà yìí bá ṣìnà ni wàhálà dé, tí wọ́n wá ń wo ẹran ara tí wọ́n jọ ń gbé bí ọ̀tá. Àwọn kan tó ń jẹ́ T cell á ya wọnú awọ yẹn, wọ́n á máa ta àwọn yòókù jí, B cell á máa pèsè ohun ìjà tó máa dojú kọ ara fúnra ẹ̀, àmọ́ èyí tí mo rò pé ó burú jù níbẹ̀ ni macrophage, ọ̀jẹun ńlá yẹn tó yẹ kó máa gbé ìdọ̀tí mì, òun ló ń tú kẹ́míkà bíi TNF àti IL-6 síta, kẹ́míkà yìí ló ń pe àwọn sójà míì pé ẹ máa bọ̀, wọ́n á sì máa bọ̀ lóòótọ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ á ṣí, omi á máa jò wọlé, oríkèé á wá pọ́n, á gbóná, á wú, á máa ro. Àmì mẹ́rin yẹn ni Celsus, òǹkọ̀wé kan ará Róòmù, ti kọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ṣì ń lò ó dòní.

Tí dókítà bá wá fi abẹ́rẹ́ fa omi orúnkún yẹn sínú ìgò, ẹ ò ní nílò ẹni tó máa ṣàlàyé. Ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbé ìwé sẹ́yìn ìgò, ẹ máa ka á já. Tòní ti rú, kò fà mọ́, ẹ̀kán kan náà yẹn lè ní sẹ́ẹ̀lì funfun tó ju 2,000 lọ, ó lè lé ní 20,000, irú èyí tó ń jẹ́ neutrophil ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn yẹn kì í pẹ́ kú, tí wọ́n bá sì ń kú, ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò á dà sílẹ̀ sínú oríkèé.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà á máa nípọn, ìlà kan á di mẹ́wàá, á sì máa fà bí ìtàkùn lọ sórí nǹkan dídán tó bo ẹnu eegun, á máa jẹ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun, tí wọ́n jẹ́ mọ̀lẹ́bí macrophage, ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà yìí ni orúkọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a mu, ó ti déegun.

Ẹ rí i pé oògùn ìrora lásán ò lè dá wọn dúró, ó kàn ń gba ìrora lára yín ni, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ń bá tiwọn lọ. Oògùn kan tó ń jẹ́ methotrexate ló ń bu omi pa iná wọn, ní 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì, Feldmann àti Maini, sì dán oògùn tó ń mú TNF so wò lára èèyàn ní London, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ èèyàn wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí TNF yìí kan náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò ikọ́ ọ̀hún tó bá ti ń sùn lára.

Orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ pè é, aromọléegun, làkúrègbé, àmọ́ tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó láàárọ̀ kí oríkèé tó le gbagidi yẹn tó rọ̀. Èyí tí oríkèé kàn jẹ nítorí ọjọ́ orí kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ti àwọn sójà yìí máa ń gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.