Èsì: Ọ̀dà ni kí n kọ́kọ́ kùn sí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ mi, àbí ẹ́ńjìnnì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú méjèèjì tí ẹ béèrè, kò sí èyí tó yẹ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, níbi tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, pákó ni wọ́n fi fáíbà bò níbẹ̀, omi sì máa ń gba ojú ihò bóòtù wọlé lọ jẹ pákó náà rà láìhàn síta. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án káàkiri: ibi tó ṣì le á dún kó-kó, ibi tó ti jẹrà, ìró rẹ̀ kì í já gaara. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ tú bóòtù kan. Bí omi dúdú bá ṣàn jáde, pákó ti lọ nìyẹn, ẹ má náwó sí ọ̀dà rárá títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹ fa epo tó ti pẹ́ kúrò, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà inú pọ́ǹpù omi. Ẹ má tan án láìsí omi, rọ́bà yẹn á bàjẹ́ kíákíá.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, tó sì ń lo bẹntiróòlù, ẹ jẹ́ kí fáànù tó ń fẹ́ oru jáde níbi tí ẹ́ńjìnnì wà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4, ó kéré tán, kí ẹ tó ṣáná sí i. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń kó jọ sí.